Omi Àkọ́pọn Ilé Baba Wa

Oyún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wọ oṣù kẹrin lọ́jọ́ tí pùlọ́mbà fi ẹnu ọ̀bẹ ha oríkèé páìpù tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ẹgbẹ́dá, tí ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà àtijọ́ náà sì tàn yanran, bí ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ìpẹ́ kúrò lára ẹja. Nítorí wáṣà, rọ́bà kékeré inú ẹ̀rọ omi, ni mo ṣe pè é. Ẹ̀rọ omi náà ti ń kán fún ọjọ́ mẹ́ta, n kò sì lè kàwé níbi tí omi bá ti ń kán. Kò sí ohun mìíràn lọ́kàn mi.

Ọkùnrin náà, tí irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́bàá etí, tún un ha. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ojú èékánná hàn lára rẹ̀.

"Bàbá, òjé mà rèé," ó ní. "Iṣẹ́ àwọn àgbà nìyí. Ẹ wò ó bó ṣe jókòó! Kò lè jò títí ayé."

"Ṣé ó dá ọ lójú pé òjé ni?"

"Ẹ fún mi ní bébà."

Mo fa ìwé kan yọ láti inú àpò mi. Ó gé pẹlẹbẹ kékeré kan lára oríkèé náà, ó fi fa ìlà kan sórí ìwé: ìlà eérú, gẹ́gẹ́ bí ti pẹ́ńsùlù. "Ẹ̀yin lẹ kàwé o," ó ní, "irin mìíràn wo ló ń kọ̀wé báyìí?"

Mo wo ìlà náà. Lẹ́yìn náà mo wo ẹnu ẹ̀rọ omi, àti jọ́ọ̀gì gíláàsì ẹ̀gbọ́n mi tó dojú bolẹ̀ lórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ẹgbẹ́dá ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ní apá tiwa ni baba wa kọ́ ilé náà. Akọ̀wé ni, ó sì fẹ́ràn ohun tí kì í bàjẹ́. Inú ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń wó ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti ra ẹ̀rọ omi onídẹ náà, èyí tó wúwo débi pé n kò lè fi ọwọ́ kan gbé e nígbà náà. Nígbà tí páìpù là níbi tó ti wọ ara ògiri, baba wa kò pe pùlọ́mbà. Ó lọ sí Ìkòtún, ó mú ọkùnrin kan tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe wá. Ọkùnrin náà yọ́ àwo inú bátìrì nínú ìkòkò irin lórí ẹyín iná, ó sì dà á yí oríkèé náà ká. Mo wà níbẹ̀. Mo rí i bí irin ṣe ń yí gbirigbiri bí omi, tó sì ń dì lójijì. Àwọn ẹ̀kán tó bọ́ sórí iyanrìn, baba wa ṣà wọ́n fún mi, mo fi wọ́n ta ayò fún odidi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. "Òjé kì í dípẹtà," ni baba wa máa ń sọ fún àlejò tó bá tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìnkùlé.

Òótọ́ ni. Òjé kì í dípẹtà. Ohun tí mo fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní yunifásítì ni pé ó máa ń yọ́ sínú omi, díẹ̀díẹ̀, láìní àwọ̀, láìní òórùn, láìní adùn tàbí ìkorò. Pé omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè tiwa ní ìkan díẹ̀ nínú, irú ti ọsàn wẹ́wẹ́, tí ahọ́n kò lè mọ̀, ìkan náà sì ni òjé ń fẹ́. Pé omi tó bá dúró sínú páìpù láti alẹ́ dé òwúrọ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Mo kọ́ wọn pé egungun ènìyàn kò mọ òjé yàtọ̀ sí kálísíọ́mù, tó fi ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ bí ẹni tọ́jú ọrọ̀. Pé bí obìnrin bá lóyún, egungun rẹ̀ yóò tú ìpamọ́ náà sílẹ̀ fún ọmọ inú rẹ̀. Pé ibi ọmọ kò lè dá a dúró. Pé ọpọlọ tó ń dàgbà ló ń lọ bá. Mo kọ́ wọn, mo bi wọ́n nínú ìdánwò, mo gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tó gbàgbé, mo sì padà sílé lọ mu omi ẹ̀rọ baba mi.

Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ìyá ìjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan nítòsí ọ̀nà Ìpájà. Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti padà wá gbé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókè Ọya, tó sì ń wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń fún un ní omi àkọ́pọn. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ láti ìgbà náà nínú ilé wa yìí. Omi àkọ́pọn ni omi tí a bá pọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ní ìdájí. Omi tó dá sùn ni, ẹ̀gbọ́n mi a máa sọ. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ọwọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ kankan kò tíì kàn án. Yóò rìn láìwọ bàtà dé ẹ̀yìnkùlé láìfọhùn, yóò pọn omi kún jọ́ọ̀gì rẹ̀, yóò ka sáàmù sí i, yóò sì gbé ife kan fún ọmọ rẹ̀ kí oúnjẹ tó kan inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni lójoojúmọ́, láìyẹ̀.

Bí ọ̀tá bá jókòó tó ń ronú ọ̀nà tí òjé yóò fi dé ara aboyún, kò lè rí èyí tó pé ju èyí lọ: ife àkọ́kọ́, omi tó sùn mọ́jú, inú òfìfo. Ìfẹ́ ló sì gbé e kalẹ̀.

Mo sọ fún pùlọ́mbà kí ó pààrọ̀ wáṣà, kí ó máa lọ ná. Mo pinnu ohun méjì lórí ìdúró. Èkíní ni pé n kò ní sọ ohun tí n kò bá lè fi hàn. Èkejì ni pé n kò ní jẹ́ kí ọmọ náà mu ife àkọ́pọn kan sí i nígbà tí mo bá ń wá ohun tí n ó fi hàn.

Nítorí náà, ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo jí ṣáájú ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rọ omi kún ìgò àkọ́kọ́, mo ti lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, mo ti ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ kí omi máa ṣàn sínú bàsíà ìfọṣọ, mo sì ń wo aago ọwọ́ mi kí n lè rọ omi kún ìgò kejì, nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n mi dúró nínú sùtánà rẹ̀ pẹ̀lú jọ́ọ̀gì lọ́wọ́. Ó wò mí. Ó wo omi. Ó gbàgbé pé òun kì í fọhùn.

"Ẹlẹ́dàá mi! Ìwọ lo pọn àkọ́pọn lónìí?"

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn…"

"Bínú kẹ̀? Àdúrà ogún ọdún ló gbà yìí! Ìwọ tí o ní oorun ìdájí dùn ju ìjọba ọ̀run lọ!" Ó gbé jọ́ọ̀gì kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì tútù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́.

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ fún un níbẹ̀. N kò sọ ọ́. Mo rọ omi kún ìgò kejì, mo sì fi omi kan náà tó ti ṣàn pẹ́ kún jọ́ọ̀gì rẹ̀. "Ó ti di omi kejì," ó ní, "ṣùgbọ́n Ọlọ́run rí ọkàn rẹ." Omi yẹn ni ọmọ rẹ̀ mu.

Mo gbé ìgò méjèèjì lọ fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ẹ̀rọ ìdíwọ̀n tó péye nínú yàrá àyẹ̀wò rẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan ó lé díẹ̀. Nínú gbogbo ọjọ́ náà ni mo ń jí ní ìdájí, tí mo ń jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ ṣàn dànù kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Kò sí àárọ̀ kan tí kò bá mi níbẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn sí i lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ pé àbúrò òun, tó kàwé títí ìwé fi sú ìwé, ti ń ṣọ́nà ní ìdájí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn mi.

Èsì dé ní ọjọ́ kẹsàn-án. Omi ìgò kejì ní òjé díẹ̀ nínú. Ti ìgò kìíní pọ̀ débi pé ọ̀rẹ́ mi ti tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó pè mí.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ rẹ̀ ní pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ kankan ṣe lọ́ṣọ̀ọ́: òjé wà nínú oríkèé páìpù, ó sì ṣeé ṣe kó wà nínú idẹ ẹ̀rọ náà, ó ń yọ́ sínú omi ní òru, omi àkọ́pọn ló gbé e jù, aboyún kò gbọdọ̀ mu ún.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ẹ̀gbọ́n mi bèèrè.

"Yàrá àyẹ̀wò ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé rẹ̀ rèé."

"Ṣé yàrá àyẹ̀wò ló ń pọn omi nílé yìí?" Kò gba ìwé náà. Ojú rẹ̀ yí padà. "Dúró ná. Kí wá lò ń wá lẹ́yìn ilé láti ọjọ́ yìí?"

"Mò ń jẹ́ kí àkọ́kọ́ ṣàn dànù kí ẹ tó dé."

"O ò gbàdúrà kankan?"

"N kò gbà, mà."

"Háà! Mo ti fi ọ́ jẹ́rìí! Mo ti dúpẹ́ lórí rẹ níwájú àgbà àti èwe! Dókítà tí kò ní abẹ́rẹ́! Baba wa mu omi yẹn títí irun rẹ̀ fi funfun láú. Ìwọ náà mu ún. Kí ló wá ṣe ọ́? Ṣé torí ẹ̀ ni o ò ṣe tíì di prófẹ́sọ̀?"

"Ó ṣeé ṣe, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀; ó gbé e mì. "Jàre, fi mí sílẹ̀. A ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ."

"Èmi ni n ó bọ́ ọ," mo dáhùn.

Ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ gbé ojú sókè. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "Ọ́ńkù," ó ní, "àwọn méjì tó ti lọ ńkọ́? Ṣé omi yìí ló fà á?"

N kò fẹ́ purọ́ fún un láti tù ú nínú, n kò sì fẹ́ purọ́ láti borí àríyànjiyàn. "N kò mọ̀," mo ní. "Òjé lè ba oyún jẹ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn náà lè bà á jẹ́. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ó dá òun lójú, irọ́ ló ń pa."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe kẹ́mísírì là ń bá ara wa jà lé lórí. Bí mo bá jàre, ọwọ́ tirẹ̀ ló gbé ife náà.

Kò jáde ní ìdájí ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò jáde ní ọjọ́ kẹta. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ìgbésẹ̀. Ó ní kí n mú òun lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kọ ìwé fún wa. Ẹ̀jẹ̀ náà ní láti rìn lọ sí ìlú mìíràn kí èsì tó padà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní gbogbo àkókò náà, omi tí mo rà nínú ìgò ńlá ló ń mu, ó sì ń fi se oúnjẹ. Nígbà tí èsì dé, òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní kò tíì burú dé ibi tí ìbẹ̀rù yóò ti gba ọkàn wa, ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀n kan tó dára fún ọmọ inú. Oògùn tí a fi ń fa òjé jáde kò yẹ fún un nínú ipò tó wà. Kí a mú orísun rẹ̀ kúrò. Kí ó máa lo kálísíọ́mù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ déédéé. Kí a tún ẹ̀jẹ̀ wò lóṣooṣù.

Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ń gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Màámi, ẹ máa gbàdúrà fún mi. Ẹ má dákẹ́ o. Ṣùgbọ́n mi ò ní mu omi ẹ̀rọ yẹn mọ́."

Mo wọlé tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ lẹ́yìn tí ọmọ náà ti kúrò. Ó jókòó sórí ẹní, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń ka ohun tó wà nínú wọn.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bù ú fún un," ó ní.

"Ọwọ́ baba wa ló fi í sí páìpù, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi sì dúró tì í, mo fi èyí tó kán sílẹ̀ ta ayò. Nínú gbogbo ilé yìí, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí òjé ń ṣe, n kò sì lọ wo ẹ̀yìnkùlé fún ọgbọ̀n ọdún. Bí a bá fẹ́ pín ẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé tèmi, torí tèmi ló wúwo jù."

Ó nu ojú. "Kí lo fẹ́ yọ gan-an?"

"Ẹ̀rọ àti oríkèé rẹ̀."

"Páìpù tókù ńkọ́?"

"Irin lásán ni páìpù tókù."

"Ìwọ ọmọ yìí. Ìkòkò tí a ti fi se àgbo fún ọdún gbọọrọ, ṣé tí a bá da egbò igi nù, kò ní korò mọ́? Bí o bá máa yọ ọ́, yọ gbogbo rẹ̀."

Mo ṣí ẹnu láti ṣàlàyé fún un, mo sì pa á dé. Òótọ́ ló sọ. Èépá ìpẹtà inú páìpù irin àtijọ́ máa ń gba òjé mọ́ra, yóò sì máa tú u sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí orísun rẹ̀ bá ti lọ. Mo ti kà á rí nínú ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi kò lè kà. Ìkòkò àgbo ló fi bá mi débẹ̀, ó sì débẹ̀ ṣáájú mi.

Ọjọ́ méjì gbáko ni pùlọ́mbà fi tú páìpù náà, láti ẹsẹ̀ tánkì títí dé ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò lórí rẹ̀. "Ìyẹn ńkọ́?" "Mà, ìyẹn ò ṣe nǹkan, inú ògiri ló wà." "Ṣé omi kì í gba inú ògiri ni?" Pùlọ́mbà fọ́ ògiri. Ọ̀rá líle tí a fi ń ṣe páìpù òde òní la fi rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí n tó rà á. Pùlọ́mbà ní òun mọ ẹni tí yóò fi ayọ̀ gba òjé tí a yọ, tí yóò tún un yọ́. Mo kọ̀ fún un. Mo fi ọ̀rá dì í lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbé e lọ síbi tí yunifásítì ń kó èròjà olóró pamọ́ sí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dìde nígbà ìjẹ́rìí. "Mo wá gba ẹ̀rí mi padà," ó ní. "Àbúrò mi ò yípadà. Òjé ló ń lé." Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Ó dúró kí wọ́n rín in tán. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí ni mo fi bu ohun tí kò dára fún ọmọ mi, mo sì ka sáàmù sí i. N kò mọ̀. Ní báyìí, ẹ̀yin ti mọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá ti pẹ́, kó lọ wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀."

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin yí wa ká.

"Tí a bá sè é ńkọ́?" ìyá àgbàlagbà kan bèèrè.

"Omi ló ń dínkù bí ẹ bá sè é, mà," mo ní. "Òjé kì í dínkù."

"Ṣé ẹ wá ń sọ pé ká má pọn àkọ́pọn mọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a lóhùn. "Fi àkọ́kọ́ fọ ilẹ̀. Ọlọ́run kì í sùn débi pé kò ní gbọ́ lórí omi kejì. Tí páìpù rẹ bá sì jẹ́ ti ayé àtijọ́, má mu èyíkéyìí títí wọn yóò fi wò ó."

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Àbámẹ́ta ti di ọjọ́ iṣẹ́ fún mi. Èmi àti pùlọ́mbà ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú ọ̀bẹ kan àti ìwé funfun, ní Ìpájà, ní Dópẹ̀mú, lẹ́yìn ọjà Ìkòtún. Púpọ̀ nínú àwọn ilé náà kò ní òjé kankan lára páìpù tí a lè rí, mo sì máa ń sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, pé ohun tí ojú rí nìkan ni mo ń sọ. Níbi tí ìlà eérú bá ti hàn lórí ìwé, a kì í kúrò títí onílé yóò fi dá ọjọ́ tí yóò yọ ọ́. Wọ́n ti lé wa níbì kan. A padà lọ.

Oyún náà kò bàjẹ́. Ó pé oṣù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bí obìnrin, igbe ọmọ tuntun náà sì le débi pé nọ́ọ̀sì ní kí a má ṣe dààmú nípa ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló di ẹsẹ̀ kékeré náà mú. Nígbà tí èsì dé, òjé wà níbẹ̀, díẹ̀, ó kéré sí ti ìyá rẹ̀.

"Ṣé ó máa ṣe é ní nǹkan?" ẹ̀gbọ́n mi bèèrè lọ́wọ́ dókítà.

"A ò tíì lè sọ, Màmá. Ó lè má ṣe é ní ohun kankan. A ó máa wò ó bó ṣe ń dàgbà. Ẹ gbé e padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta."

Nígbà tí a jáde, ó yí sí mi. "Oṣù mẹ́ta sí òní, ọjọ́ wo nìyẹn?"

Mo ṣírò rẹ̀. "Ọjọ́rú ni."

"Ọjọ́rú la máa ń gbààwẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n padà wọlé, kí n ní kí wọ́n yí i sí Ọjọ́bọ̀."

"Kí ló dé tí wọn yóò fi yí i?" Ó gbé ọmọ náà sí èjìká kejì, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣáájú wa. "N ó gba ààwẹ̀ tèmi lórí bẹ́ńṣì wọn. Ọjọ́rú ni wọ́n dá, Ọjọ́rú la máa lọ."